Géètì Wàsílátù ní Ọdún Tí Àwọn Ẹyẹ Ń Kú

Ọkọ Wàsílátù Bàdírù kú nígbà tí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, tó ti dàgbà kúrò nílé báyìí, ṣì wà lọ́wọ́. Kò jẹ́ kí ikú náà wó òun mọ́lẹ̀. Àwọn àna rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́ ní kí ó fẹ́ àbúrò ọkọ rẹ̀ kí ilẹ̀ má baà bọ́ lọ́wọ́ ẹbí. Ó fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ fún wọn, ó sì gbé ara rẹ̀ jáde. Àgbàrá òjò wó ilé adìyẹ àkọ́kọ́ tí ó kọ́. Ó tún òmíràn kọ́ sórí ilẹ̀ tó ga. Àrùn lúkúlúkú wọ inú ìkejì, ó sì pa gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, débi pé ìyẹ́ nìkan ni afẹ́fẹ́ ń gbá kiri. Ó fọ ilé náà, ó kùn ún lẹ́fun, ó tún ra ọmọ adìyẹ. Oúnjẹ adìyẹ gbówó lórí títí àwọn ọkùnrin tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fi sọ oko wọn di ibi tí wọ́n ti ń mọ búlọ́ọ̀kù. Wàsílátù ń lọ àgbàdo fúnra rẹ̀, ó ń pò ó mọ́ ẹja wẹ́wẹ́ tí ó ń rà láti etí ọ̀sà. Wọ́n ní obìnrin tí kò ní ọkùnrin lẹ́yìn kò lè dá oko adìyẹ dúró ní Ìkòròdú. Kò dá wọn lóhùn. Adìyẹ rẹ̀ ló ń dá wọn lóhùn ní àràárọ̀.

Mo ń kọ èyí sílẹ̀ nítorí pé àwọn ará àdúgbò ti ń sọ ìtàn náà ní ìsọkúsọ. Wọ́n ní oríire ló ṣe é. Èmi tí mo ń gbé ní òdìkejì ọ̀nà, tí fèrèsé pálọ̀ mi sì kọjú sí géètì rẹ̀ gan-an, mo mọ̀ pé oríire kọ́.

Oko rẹ̀ wà ní ìpẹ̀kun Ìgbògbò, níbi tí ilé ti ń tán tí àbàtà sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Adìyẹ tó ń yé ẹyin ni ó ń sìn. Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ọ̀wọ́ tuntun kan tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti wà ní ọmọ jòjòló ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yé ni. Gbogbo ohun tí ó ní láyé ló wà lẹ́yìn géètì yẹn. Bí wọ́n bá kú, kò ní agbára àti tún bẹ̀rẹ̀ mọ́, ibi tó sì kù fún un láti forí lé kò ju agbo ilé àwọn àna tí ó ti kọ̀.

Nítorí náà, ó ń ṣọ́ géètì náà bí ẹni ń ṣọ́ ẹyinjú rẹ̀. Ó gbé àga gbọọrọ kan sí ìta lábẹ́ igi àgbálùmọ̀ fún àwọn oníbàárà. Ibẹ̀ ni ọ̀nà wọn pin. Bàtà òjò kan wà tí ó ń wọ̀ nínú oko nìkan. Agbada omi tí ó bu oògùn apakòkòrò sí wà lẹ́nu ọ̀nà, òun fúnra rẹ̀ kì í sì í fo agbada náà dá. Èyí tó ń bí àwọn èèyàn nínú jù ni ti kírétì. Àwọn tó ń ta ẹyin máa ń gbé kírétì kan náà láti oko dé oko: èyí tó gba ẹyin ní oko kan lónìí yóò gba ti òmíràn lọ́la, pẹ̀lú ìgbẹ́ adìyẹ oko àkọ́kọ́ lára rẹ̀. Wàsílátù kò gbà bẹ́ẹ̀ rárá.

Munirah, tó ń gbé ẹyin lọ sí Èbúté Ìkòròdú fún àwọn tó ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Èkó, kò lè pa á mọ́ra.

"Ìyá, kírétì kan náà ni gbogbo olóko ń gbà lọ́wọ́ mi. Àbí ọmọ aládé ló ń yé ẹyin tiyín ni?"

"Adìyẹ ni, Munirah. Ọmọ aládé kì í yé."

"Kí ló wá dé tí ẹ ń ṣe wọ́n bí ọba?"

"Ọba ni wọ́n. Àwọn ló ń bọ́ mi."

Nígbà ọyẹ́, àwọn ẹyẹ odò máa ń ti ọ̀nà jíjìn wá sórí ọ̀sà wa. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń bà sí àbàtà tó wà lágbègbè Ejinrin, lápá ibi tí a ti bí Wàsílátù. Ní ìdílé rẹ̀, tí wọ́n jẹ́ apẹja láti ìran dé ìran, àṣà kan wà. Pẹ́pẹ́yẹ odò tí àwọ̀n wọn bá kọ́kọ́ mú nígbà ọyẹ́, láàyè ni wọ́n máa ń gbé e lọ fún àgbà ọmọbìnrin ilé. Òun ni yóò gé ìyẹ́ apá rẹ̀, tí yóò sì máa sìn ín mọ́ adìyẹ rẹ̀ títí gbogbo ẹbí yóò fi péjọ lẹ́yìn ààwẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá gbé e fún mọ̀ pé ilé kò tíì gbàgbé òun. Ẹni tó bá kọ̀ ọ́, ilé ni ó kọ̀.

Mùsílíù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ló gbé ti ọdún náà wá láti Ẹ̀pẹ́ tí ó ń gbé. Mo wà lórí àga ìta, mo ń dúró de ẹyin. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà pẹ̀lú agbọ̀n kan tí pẹ́pẹ́yẹ odò méjì wà nínú rẹ̀ ní àyà, inú ọkùnrin náà ń dùn ṣìnkìn.

"Wàsíla, ṣí géètì. Ìpín rẹ dé."

"Ẹ káàbọ̀, Bọ̀dá mi. Ẹ kú ewu ọ̀nà. Àwọn ará ilé ńkọ́?"

"Wọ́n wà. Ṣí i ná. Ọdún yìí mà yàtọ̀. N kò na àwọ̀n rárá. Orí omi ni wọ́n jókòó sí tí wọ́n ń wò mí bí ìyàwó tuntun. Ọwọ́ ni mo fi mú wọn."

Ẹ̀rín kúrò lójú Wàsílátù.

"Ọwọ́?"

"Ọwọ́ lásán."

"Pẹ́pẹ́yẹ odò tí baba wa máa ń lúgọ dè nínú koríko títí ẹ̀fọn á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ẹ́ tán, òun ló jókòó de ọwọ́ yín?"

"Ọlọ́hun ló ṣe é. Ṣé ìwọ fẹ́ bá Ọlọ́hun jiyàn ni?"

"Kò sí èyí tó ń ṣàìsàn nínú wọn?"

"Àwọn kan ń gbọ̀n. Ọ̀bẹ ti kàn wọ́n kí wọ́n tó kú. Mo ṣe bisimilláhì sí gbogbo wọn, kò sí ẹni tó jẹ òkú ẹran nílé wa."

Ọ̀rọ̀ yìí ni kí olùkàwé fi etí sí dáadáa. Ní ilẹ̀ wa, bí adìyẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ọ̀bẹ ni a kọ́kọ́ máa ń wá. Mùsùlùmí ń ṣe é nítorí ẹ̀sìn, Kìrìsìtẹ́nì ń ṣe é nítorí àṣà: ẹran tí ọ̀bẹ bá kàn kí ó tó kú, a ti gbà pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti parí síbẹ̀. Àṣà rere ni. Ṣùgbọ́n àrùn kan wà tí ọ̀bẹ gan-an ń ṣílẹ̀kùn fún. Rédíò ti ń kéde rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọyẹ́ pé fulúù ẹyẹ ti tún wọ̀lú, pé àwọn ẹyẹ odò lè gbé e wá, pé ẹ̀jẹ̀ àti ìyẹ́ àti ọwọ́ ẹni tó pa ẹyẹ tó ní in lè gbé e kiri. Gbogbo wa ni a gbọ́. Wàsílátù ló gbà á gbọ́.

"Bọ̀dá mi, ọ̀bẹ a máa sọ ẹran di ẹ̀tọ́. Kì í sọ àìsàn di ìlera. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ yìí kò lè wọlé."

"O kọ ìpín rẹ?"

"Mo kọ̀ ọ́."

"Èmi tí mo pọ̀n ọ́ kọjá àbàtà nígbà tí o kéré, èmi ni o ti géètì mọ́?"

"Ẹyẹ ni mo ti géètì mọ́. Ẹ̀yin, ẹ fọ ọwọ́, ẹ jókòó ti aládùúgbò mi yìí, oúnjẹ ń bọ̀."

Mùsílíù kò jókòó. Ó wo èmi, ó wo géètì, ó ní ìlú Ìkòròdú ti sọ àbúrò òun di òyìnbó. Bí ó ti ń sọ̀rọ̀ ni Bólúwají tó ni oko tó tẹ̀lé ti Wàsílátù yọ jáde. Ará Ọ̀ṣun ni, ó ti pẹ́ ní Ìgbògbò, òun sì ni alága ẹgbẹ́ àwọn olóko adìyẹ àdúgbò wa. Adìyẹ rẹ̀ tó ìlọ́po mélòó kan ti Wàsílátù. Èèyàn tó ń rẹ́rìn-ín púpọ̀ ni, ó sì fẹ́ràn ohun ọ̀ṣọ́.

"Irú ẹyẹ tó lẹ́wà báyìí," ni ó wí, "ẹ má gbé e padà o. Ẹ jẹ́ kí n máa wò ó nínú ọgbà mi."

"Alága, mo bẹ̀ yín, ẹ má gbé e wọlé," ni Wàsílátù wí.

"Àlájà, ẹyẹ méjì péré lẹ ń sá fún? Ẹ ti gbọ́ rédíò jù."

Mùsílíù gbé agbọ̀n náà fún un lọ́fẹ̀ẹ́, pẹ̀lú ìbínú. Ó padà sí Ẹ̀pẹ́ láìdágbére.

Ọ̀sẹ̀ náà kò tíì parí tí àwọn pẹ́pẹ́yẹ náà fi kú. Lẹ́yìn wọn ni ti àwọn adìyẹ Bólúwají bẹ̀rẹ̀. Wọ́n dẹ́kun yíyé, ojú wọn wú, ogbe orí wọn dúdú bí èso ìgbá tó ti rà, wọ́n sì ń ṣubú lórí ara wọn. Bólúwají pè é ní lúkúlúkú. Kí wọ́n má baà kú dànù, ó ké sí àwọn alápatà àti àwọn ìyá elẹ́ran díndín, kí wọ́n tètè wá fi ọ̀bẹ kàn wọ́n. Wọ́n ya wọlé bí ẹni ń lọ sí ọjà àjọ̀dún. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn nínú gọ́tà tó la àárín oko méjèèjì kọjá. Ìyẹ́ ń fò lójú òfuurufú, ó ń bà sórí aṣọ tí mo sá.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Wàsílátù dí gọ́tà náà pẹ̀lú àpò yanrìn ní ìhà tirẹ̀. Ó fi àwọ̀n apẹja tó ní ojú wẹ́wẹ́, tí baba rẹ̀ fi sílẹ̀, bo gbogbo ẹ̀gbẹ́ ilé adìyẹ náà kí ẹyẹ oko kankan má baà rí àyè gbà wọlé. Ó fi aṣọ dí imú. Lẹ́yìn náà ni ó ti géètì láti inú, tí ó sì kó àkéte rẹ̀ sínú yàrá tí ó ń kó oúnjẹ adìyẹ sí. Ó ní òun kò ní jáde títí ọ̀rọ̀ náà yóò fi lójú. Èmi ni mo ń gbé abọ́ oúnjẹ rẹ̀ sórí àga ìta, n ó yẹra, yóò sì na ọwọ́ gbé e.

Kí ó tó pe àwọn dókítà ẹran tí ìjọba yàn, ó fi tó Bólúwají létí lórí fóònù, nítorí kì í ṣe ẹni tí ń gba ẹ̀yìn ọlọ́ràn. Ká tó ṣẹ́jú, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti dé ẹnu géètì rẹ̀. Bólúwají ló ṣíwájú. Ẹ̀rín ti tán lójú rẹ̀.

"Àlájà, ẹ fi ọwọ́ wọ́nú. Bí àwọn èèyàn yẹn bá dé, wọn kì í yan èyí tí wọ́n máa pa. Tèmi ni wọ́n máa kọ́kọ́ pa, tiyín ló tẹ̀lé e. Ògiri kan ló là wá."

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀, ẹ sì fẹ́ pè wọ́n? Adìyẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yé?"

"Alága, a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ẹ ti ń ta ẹran yẹn fún gbogbo Ìgbògbò. Ta ló kàn?"

Ọkùnrin kan láti ẹ̀yìn ní, "Obìnrin yìí gbéraga jù."

"Mo gbéraga," ni Wàsílátù dáhùn, ohùn rẹ̀ kò ròkè rárá. "Bí wọ́n bá rí àrùn náà lára adìyẹ mi, kí wọ́n pa á, n ó sì dúró wò wọ́n. Bí wọn kò bá rí i, kò sí ẹni tó tó bẹ́ẹ̀ láti pa á. Nítorí pé mo mọ ohun tí mo ṣe."

Ó tẹ fóònù náà níwájú wọn, ó jẹ́ kí gbogbo wọn gbọ́ bí ó ti ń dún, ó sì sọ orúkọ ara rẹ̀, orúkọ àdúgbò, àti ohun tí ojú rẹ̀ rí. Mo dúró lójú fèrèsé mi, orí mi sì wú.

Àwọn dókítà dé nínú aṣọ funfun tó bò wọ́n láti orí dé ẹsẹ̀. Obìnrin ni olórí wọn, Fìyìnfólúwa ni orúkọ rẹ̀, kò tíì tó ọmọ ogójì ọdún. Ọ̀dọ̀ Bólúwají ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, wọ́n rìn wá sí ẹnu géètì kejì.

"Ẹ káàsán, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí i fún wa."

"Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Ibo lẹ ti ń bọ̀?"

"Oko tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, mà. Ìjọba ló rán wa."

"Ìjọba náà ní bàtà lẹ́sẹ̀."

Dókítà náà bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀. Èmi tí mo rìn nínú oko yẹn kọ́ ló ń wọlé sọ́dọ̀ yín." Ó nawọ́ sí ọkọ̀ kejì, níbi tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan tí kò tíì fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ rárá láti ìgbà tí wọ́n dé ti ń wọ aṣọ tuntun. Wàsílátù wo ìyẹn láti orí dé bàtà, ó ní kí ó tẹ agbada kọjá, ó sì ṣí géètì. Ẹni náà ni àlejò àkọ́kọ́ tí mo rí kí ó wọ inú oko yẹn.

Wọ́n fi òwú nu ọ̀fun àwọn adìyẹ, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára wọn, wọ́n sì kó o lọ sí ilé àyẹ̀wò. Wọ́n ní títí èsì yóò fi dé, ẹyin kan kò gbọdọ̀ jáde. Èsì ti Bólúwají ló kọ́kọ́ dé: fulúù ẹyẹ ni. Wọ́n pa gbogbo èyí tó kù níbẹ̀, wọ́n gbẹ́ ihò ńlá, wọ́n da ẹfun lé wọn lórí. Ìdákẹ́jẹ́ bo oko náà. Ní ìhà kejì ògiri, àwọn adìyẹ Wàsílátù ń yé, òun náà ń gbẹ́ ilẹ̀, ó ń ri ẹyin wọn mọ́lẹ̀, ẹyin gidi, tó mọ́ tónítóní. N kò gbọ́ kí ó kédàárò. Mo gbọ́ tí ó ń sọ fún àwọn adìyẹ náà ní àárọ̀ kan pé, "Ẹ máa yé, ẹ má dá wọn lóhùn. Èmi náà wà níbí."

Fìyìnfólúwa fúnra rẹ̀ ló mú èsì wá. Orí àga ìta ni ó dúró sí, ó sì sọ ọ́ kí gbogbo ọ̀nà lè gbọ́.

"Ìyá, ó mọ́. Kò sí àrùn kankan lára wọn. Ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kàn wọ́n."

Wàsílátù di irin géètì náà mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ó ní, "Alihamudulilahi." Ó gbé orí sókè, ó wo àwa tí a pé jọ, ó sì lọ fún adìyẹ rẹ̀ lómi. Àwọn ọkọ̀ kẹ̀kẹ́ Márúwá tó ń kọjá ń fọn fèrè fún un láìmọ ohun tó ṣẹlẹ̀, nítorí pé wọ́n rí i pé àwa ń pàtẹ́wọ́. Mo jẹ́ kí wọ́n máa fọn ọ́. Ó tọ́ sí i.

Bí àkókò ti ń lọ, àwọn oko yòókù ní àdúgbò náà dúró sán-ún, nítorí pé a tètè kéde àrùn náà kí ọ̀bẹ tó gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọkùnrin tó ní ó gbéraga wà lára àwọn tí adìyẹ rẹ̀ yè. Mùsílíù pẹ̀lú wá láti Ẹ̀pẹ́. Pẹ́pẹ́yẹ inú ilé rẹ̀ ti kú tán, òun ló sì ń rìn láti èbúté dé èbúté ní Ejinrin báyìí, tí ó ń sọ fún àwọn apẹja pé ẹyẹ tó bá jókòó de ọwọ́, kí wọ́n fi sílẹ̀, kí wọ́n ké sí ìjọba. Ó dé ẹnu géètì, ó ká ṣòkòtò sókè, ó fọ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ kírun, kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún un.

"Wàsíla, mo ti fọ̀ ọ́ o."

"Mo rí yín, Bọ̀dá mi. Ẹ jókòó, ẹ jẹun."

"Síbẹ̀, o kò ní jẹ́ kí n wọlé?"

"Kò sí ohun tẹ́ ẹ gbàgbé síbẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀. Ó jókòó, ó jẹun, ó sì jẹ ẹ́ tán.

Ọjọ́ tí wọ́n gbà kí ẹyin tún jáde, àwọn oníbàárà tò láti abẹ́ igi àgbálùmọ̀ dé ẹnu ọ̀nà mi. Munirah ló wà níwájú, ó gbé kírétì oníke tuntun lórí, tí ó ń dán.

"Mo ra tiyín lọ́tọ̀, Ìyá. Kò tíì dé oko ẹnì kankan rí. Ẹ gbóòórùn rẹ̀ wò."

Ní ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, Bólúwají wá. Ó ti rù, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti ń padà sí i lẹ́nu. Ìjọba fẹ́ san owó ìrànwọ́ fún àwọn tí àrùn náà ba oko wọn jẹ́, ẹgbẹ́ ni yóò sì fi orúkọ ránṣẹ́. Ó dúró ní ìta, ó bọ́ fìlà.

"Àlájà, n kò mọ bí mo ṣe máa dúpẹ́. Bí kì í bá ṣe yín, gbogbo ẹgbẹ́ ni ìbá sunkún. Mo ti fi orúkọ yín sí i."

"Sí kí ni?"

"Sí ti owó yẹn. Ẹ jẹ́ kí n ṣe yín lóore, ẹ̀yin náà ti ṣe é fún wa. Kò sí ẹni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò. Gbogbo ẹyin tẹ́ ẹ rì mọ́lẹ̀ yẹn, ṣé kì í ṣe àdánù ni?"

"Àdánù ni."

"Ẹ ò rí i."

"Ta ni wọ́n ní kẹ́ ẹ kọ orúkọ rẹ̀?"

"Ẹni tí adìyẹ rẹ̀ kú."

"Tèmi kò kú, Alága. Ẹ yọ orúkọ mi kúrò."